Ta ló ni orin kìnnìún yẹn gan-an? Àlàyé lórí "Mbube", "Wimoweh" àti "The Lion Sleeps Tonight"

Bí àwọn èèyàn bá ti ń sọ̀rọ̀ orin "The Lion Sleeps Tonight", kì í pẹ́ tí àríyànjiyàn fi ń bẹ́ sílẹ̀. Ẹnìkan á ní Disney ló ni ín, torí inú sinimá "The Lion King" ló ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ẹlòmíì á ní àwọn ọmọkùnrin òyìnbó kan ló jí i lọ́wọ́ ará South Africa. Ẹni kẹta á ní ọ̀rọ̀ ìyẹn ti tán, pé wọ́n ti sanwó fún ẹbí ọkùnrin náà, kí oníkálukú gbẹ́nu dákẹ́. Òótọ́ díẹ̀ wà lẹ́nu gbogbo wọn, àfi ẹni tó ní Disney ló ni ín. Irọ́ funfun ni tiẹ̀.

Orin náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ìlú Johannesburg ni wọ́n ti kọ ọ́ ní èdè Zulu, "Mbube" ni wọ́n sì pè é. Lẹ́yìn náà ó gba New York kọjá, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀mejì, sí "Wimoweh" àti "The Lion Sleeps Tonight", àwọn akọrin tó sì ti kọ ọ́ kò lóǹkà mọ́. Gbogbo ibi tó dé ló ti ń mú owó wọlé. Ìbéèrè tó ń da àwọn èèyàn lọ́kàn rú ni pé àpò ta ni owó ọ̀hún ń wọ̀, kí sì nìdí. Kí a tó dáhùn rẹ̀, ó yẹ kí a mọ bí owó orin ṣe ń rìn.

Nǹkan méjì ló wà nínú orin kan

Tí o bá ń gbọ́ orin lórí rédíò, nǹkan méjì lò ń gbọ́ pa pọ̀. Àkọ́kọ́ ni orin fúnra rẹ̀, ìyẹn ohùn tí ẹnìkan hun àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi sí i. Èkejì ni àwo, ìyẹn bí akọrin kan ṣe kọ orin náà ní situdió lọ́jọ́ kan, pẹ̀lú gìtá, ìlù àti àwọn ẹlẹ́gbè rẹ̀.

Fi orin wé ilẹ̀, kí o sì fi àwo wé ilé. Èèyàn mẹ́wàá lè kọ́lé sórí ilẹ̀ ẹbí kan. Oníkálukú ló ni ilé tó kọ́, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ máa san ìṣákọ́lẹ̀ fún ẹbí tó nilẹ̀. Ìṣákọ́lẹ̀ orin ni wọ́n ń pè ní royalty, ẹ̀tọ́ tí onílẹ̀ sì fi ń gbà á ni copyright. Àwo tí olórin kan ṣe nípa títún orin ẹlòmíì kọ ni wọ́n ń pè ní cover: ilé tuntun lórí ilẹ̀ onílẹ̀.

Ẹnìkan tún wà láàárín tí ojú kì í sábà rí, òun ni publisher. Kì í kọrin, kì í sì í ta àwo. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa bá onílẹ̀ gba ìṣákọ́lẹ̀ kiri, kó sì yọ tirẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń jà lórí orin yìí kò mọ̀ pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ àwọn publisher ni owó orin kìnnìún yìí ti yà bàrá.

Ṣé olè ni ẹni tó bá tún orin ẹlòmíì kọ?

Rárá o. Láti ọdún 1909 ni òfin Amẹ́ríkà ti là á sílẹ̀ pé tí orin kan bá ti jáde lórí àwo, ẹnikẹ́ni lè gba tirẹ̀ sílẹ̀, ì báà jẹ́ pé onílẹ̀ fẹ́ tàbí kò fẹ́, bó bá ṣáà ti ń san iye tí òfin sọ. Sẹ́ǹtì 2 lórí àwo kọ̀ọ̀kan ni nígbà náà. Ibi tí òfin ti ń béèrè ìyọ̀ǹda ni tí èèyàn bá fẹ́ yí orin náà padà, bíi kó kọ ọ̀rọ̀ tuntun sí i tàbí kó gbé e sí èdè mìíràn.

Nítorí náà, àwọn tó bá kọ "Mbube" kò tíì jalè nítorí pé wọ́n kọ ọ́. Ẹni tí wọ́n san ìṣákọ́lẹ̀ fún ló ṣe pàtàkì.

Níbo ni orin náà ti bẹ̀rẹ̀?

Solomon Linda ni wọ́n ń pe ọkùnrin tó hun ún. Ọdún 1909 ni wọ́n bí i ní agbègbè Msinga ní Natal, láàárín àwọn Zulu. Bíi ti ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ìgbà rẹ̀, ó fi abúlé sílẹ̀, ó wá iṣẹ́ lọ sí Johannesburg. Ó ní ẹgbẹ́ akọrin kan, Evening Birds, ọkùnrin mẹ́fà ni wọ́n. Kóòtù onílà ni wọ́n ń wọ̀ lọ sí òde orin, Linda fúnra rẹ̀ ló ń lé orin, àwọn olóhùn báàsì a sì máa gbè é nísàlẹ̀.

Lọ́dún 1939, wọ́n wọ situdió Gallo ní Johannesburg. Griffiths Motsieloa, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó ń ṣètò orin fún Gallo, ló wà nídìí iṣẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kíní, kò dáa. Wọ́n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, kò dáa. Motsieloa wá ẹni tó mọ dùùrù, onígìtá àti oníbáńjò wọlé, wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta. Tí o bá gbọ́ àwo náà lónìí, o ó gbọ́ bí àwọn onílù-olókùn wọ̀nyí ṣe ń táràrà ní ìbẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó bá ara wọn mu. Lẹ́yìn náà ni àwọn báàsì mú ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, wọn ò sì fi í sílẹ̀ mọ́: "uyimbube, uyimbube", ìyẹn ni pé ìwọ ni kìnnìún. Linda ń gbé ohùn tirẹ̀ fò lókè wọn, ó ń ké, ó ń yí ohùn padà bó ṣe wù ú.

Gbogbo àwo ọ̀hún kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ lọ. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, Linda gbé ohùn kan jáde tí kò tíì kọ ṣáájú nínú orin náà. Ohùn yẹn kò gùn rárá, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré ni. Bí o bá mọ orin Gẹ̀ẹ́sì náà tó sọ̀rọ̀ kìnnìún tó sùn nínú igbó, ohùn tí wọ́n fi kọ ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn. Mo rọ ẹni tí kò bá gbà gbọ́ pé kó wá àwo 1939 náà, kó fi sùúrù gbọ́ ọ dé ìparí. Kò ní nílò lọ́yà kankan láti ṣàlàyé fún un mọ́.

Àwo "Mbube" tà gan-an. Nígbà tí nǹkan bí ọdún mẹ́wàá fi kọjá, wọ́n ti ta nǹkan bí 100,000 rẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn ẹgbẹ́ akọrin Zulu ń fara wé e débi pé wọ́n ń pe gbogbo irú orin bẹ́ẹ̀ ní mbube. Inú àṣà yìí ni isicathamiya, irú orin àjùmọ̀kọ àwọn Zulu, ti jáde, èyí tí ẹgbẹ́ akọrin Ladysmith Black Mambazo fi gba ayé kan.

Linda ńkọ́? Ṣílè 10 ló gbà lọ́wọ́ Gallo, ó sì ta ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí orin náà fún wọn. Iṣẹ́ tó ń ṣe nílé iṣẹ́ Gallo kan náà ni kíkó àwo sínú páálí. Ó ta ilẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀ bíi lébìrà.

Báwo ló ṣe wá di "Wimoweh"?

Ní nǹkan bí ọdún 1949, Gallo kó àwọn àwo kan ránṣẹ́ sí Decca ní Amẹ́ríkà, bóyá wọ́n á rí èyí tí wọ́n lè tà. Decca kò rí nǹkan gidi nínú wọn. Alan Lomax, ẹni tó ń ṣa orin ìbílẹ̀ jọ kárí ayé, ló gbà wọ́n kalẹ̀ tó kó wọn fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ Pete Seeger, olórin oníbáńjò. Òtútù ti dá Seeger dùbúlẹ̀ nígbà náà. Ó ń gbọ́ "Mbube" léraléra lórí ibùsùn, ó sì ń kọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Kò gbọ́ Zulu. Ohun tí àwọn báàsì ń sọ dún létí rẹ̀ bíi "wimoweh", ohun tó sì kọ nìyẹn.

Seeger jẹ́ ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ olórin mẹ́rin kan, àwọn Weavers. Wọ́n gba "Wimoweh" sílẹ̀ fún Decca lọ́dún 1951 pẹ̀lú ẹgbẹ́ onílù ńlá Gordon Jenkins, ó sì jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ 1952. Orin náà ń gòkè bọ̀ nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà ń lé àwọn tí wọ́n pè ní kọ́múníìsì kiri. Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn Weavers, ilé rédíò pa wọ́n tì, ọ̀nà oúnjẹ wọn dí. Bí kò bá sí eré tí wọ́n ṣe ní gbọ̀ngàn Carnegie lọ́dún 1955, tí wọ́n sì gbé àwo rẹ̀ jáde ní 1957, bóyá orin náà ì bá ti parẹ́ ní Amẹ́ríkà. Àwo yẹn ni àwọn ọ̀dọ́ gbọ́. Kingston Trio kọ tiwọn lọ́dún 1959.

Ta ni Paul Campbell?

Lórí àwo "Wimoweh", orúkọ ẹni tí wọ́n kọ síbẹ̀ pé òun ló ni orin ni Paul Campbell. Má wulẹ̀ wá a kiri. Kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn Weavers àti publisher wọn, Howie Richmond, ló dá orúkọ náà sílẹ̀. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Orin ìbílẹ̀ tó ti pẹ́ láyé kò ní onílẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè gba ìṣákọ́lẹ̀ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí èèyàn bá tún un tò, tó fi àrà tirẹ̀ sí i, òfin gbà pé kó fi orúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó tún un tò, kó sì máa gba owó lórí rẹ̀. "Campbell" ni orúkọ tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ka "Mbube" sí orin àtijọ́ àwọn Zulu, wọ́n sì fi sí abẹ́ Campbell pẹ̀lú àwọn yòókù.

Ohun tí mi ò lè gbójú fò nìyí: àwo tó dé ọwọ́ Seeger kì í ṣe ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ lẹ́nu àgbàlagbà kan lábúlé. Àwo tí ilé iṣẹ́ ńlá tẹ̀ tó sì ń tà ní ìgboro ni. Ẹni tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ béèrè rẹ̀ wà láàyè, ó ń kó páálí ní Johannesburg. Ẹni tó bá ka orin wa sí ti "ẹ̀yà" lásán kò ní wá ẹni tó kọ ọ́ kiri.

Nígbà tí Gallo gbọ́ nípa rẹ̀, òun àti Richmond jọ pín in. Gallo fi Amẹ́ríkà sílẹ̀ fún Richmond, òun náà sì di ẹni tó ń gba owó "Wimoweh" ní South Africa àti àwọn ilẹ̀ kan tó yí i ká. Seeger ní tirẹ̀ fi 1,000 dọ́là ránṣẹ́ sí Linda nígbà tó mọ̀ pé òun ló kọ ọ́, ó sì ní kí wọ́n máa fi ìpín òun ránṣẹ́ sí i. Mi ò pe Seeger ní olè. Ṣùgbọ́n kò ṣọ́ ọ bóyá owó náà ń dé ibi tó rán an, òun fúnra rẹ̀ sì kábàámọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀la.

Kí ni àwọn Tokens fi kún un?

Ọ̀dọ́mọkùnrin láti Brooklyn ni àwọn Tokens. Lọ́dún 1961, wọ́n kọ "Wimoweh" síwájú Hugo Peretti àti Luigi Creatore, àwọn méjì tó ń ṣe àwo fún ilé iṣẹ́ RCA Victor. Ó dùn mọ́ àwọn ọ̀gá náà, ṣùgbọ́n wọ́n ní ó nílò ọ̀rọ̀. Wọ́n pe George David Weiss, ọ̀gá nínú kíkọ orin, ẹni tó bá wọn kọ "Can't Help Falling in Love" fún Elvis Presley lọ́dún yẹn kan náà.

Weiss ṣe nǹkan méjì. Ó mú ohùn kékeré tí Linda gbé jáde ní ìparí àwo 1939, ó sọ ọ́ di òpó orin. Lẹ́yìn náà ló kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí i: igbó, abúlé tó pa rọ́rọ́, kìnnìún tó sùn. Ká má parọ́, iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n ni. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé kìnnìún kì í gbé inú igbó kìjikìji, tí ó jẹ́ ọ̀dàn ni ilé rẹ̀, kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti máa jó o.

Ojú ti àwọn Tokens fúnra wọn nígbà tí wọ́n gbọ́ ohun tí wọ́n kọ. Wọn ò fẹ́ kó jáde rárá. Ẹ̀yìn àwo ni wọ́n fi í sí, orin mìíràn tó ń jẹ́ "Tina" ló wà níwájú. Àwọn oníṣẹ́ rédíò ló yí àwo náà padà. Nígbà tó fi máa di Oṣù Kejìlá 1961, òun ni orin tó ń ta jù ní Amẹ́ríkà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló sì fi wà níbẹ̀.

Orúkọ ta ló wà lórí orin náà wá? Weiss, Peretti àti Creatore. Kò sí Linda. Ohun tó ń bí mi nínú jù níbi tí a dé yìí ni pé lọ́dún kan ṣáájú, Miriam Makeba, akọrin ará South Africa, ti kọ "Mbube" ní Zulu sínú àwo ńlá rẹ̀ àkọ́kọ́, RCA Victor yìí kan náà ló sì gbé e jáde. Lórí àwo Makeba, wọ́n kọ orúkọ Linda síbẹ̀ pé òun ló ni orin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé "J. Linda" ni wọ́n kọ dípò S. Ilé iṣẹ́ kan náà ló mọ onílẹ̀ ní 1960, tó sì gbàgbé rẹ̀ ní 1961. Richmond binú lóòótọ́, torí ó rí i pé orí "Wimoweh" tòun ni wọ́n kọ́ ọ lé, ṣùgbọ́n òun àti ẹgbẹ́ Weiss jókòó parí rẹ̀ láàárín ara wọn. Wọn ò pe Linda sí ìjókòó náà.

Látìgbà náà, kò sí ẹni tí kò kọ ọ́. Karl Denver gbé e dé ipò kẹrin ní ìlú Ọba lọ́dún 1962. Robert John gbé e dé ipò kẹta ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1972. Tight Fit fi gba ipò kìíní ní ìlú Ọba lọ́dún 1982. Ní ti àwọn Faransé, Henri Salvador kọ tirẹ̀ ní 1962, kìnnìún kò sì sùn nínú tiẹ̀: ó kú ni. Gbogbo wọn ló san ìṣákọ́lẹ̀, torí náà má ṣe bá wọn jà. Àwọn tó jókòó sí ìdí àpótí owó ni kí o bi léèrè.

Kí ló kan Solomon Linda?

Ọjọ́ kẹjọ Oṣù Kẹwàá 1962 ló kú, kò tíì pé ọdún kan tí orin rẹ̀ gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà. Àìsàn kídìnrín ló pa á. Owó tó kù ní báńkì rẹ̀ kò tó 25 dọ́là. Ọdún méjìdínlógún kọjá kí ìyàwó rẹ̀ tó lè gbé òkúta sórí sàréè rẹ̀.

Owó díẹ̀díẹ̀ ń wọlé fún ẹbí náà láti Amẹ́ríkà, pàápàá owó "Wimoweh". Bẹ́ẹ̀ ni àwọn publisher ń mú ìwé wá fún wọn láti tọwọ́ bọ̀. Opó náà tọwọ́ bọ̀wé lọ́dún 1983, àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ náà tọwọ́ bọ̀ ọ́ ní 1992. Ní Amẹ́ríkà, Weiss àti Richmond gbé ara wọn lọ síwájú àwọn onílàjà lórí ẹni tó ni "The Lion Sleeps Tonight". Weiss borí, wọ́n sì ní kí ìdá kan nínú mẹ́wàá owó tó ń gbà nígbà tí wọ́n bá lo orin náà ní gbangba máa lọ fún ẹbí Linda. Nígbà tó sì jẹ́ pé ìdá mẹ́wàá nínú apá kan owó náà nìyẹn, ẹ lè fojú inú wo iye tó ń dé ọ̀dọ̀ ẹbí náà ní Soweto.

Ọdún 2000 ni akọ̀ròyìn South Africa kan, Rian Malan, kọ gbogbo rẹ̀ síta nínú ìwé ìròyìn Rolling Stone. Ó fojú bù ú pé lílò tí wọ́n lo orin náà nínú "The Lion King" nìkan ti mú nǹkan bíi mílíọ̀nù 15 dọ́là wọlé. Ìgbà yẹn ni ariwo ta.

Òfin wo ló dá ilẹ̀ náà padà?

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti ń rú àwọn èèyàn lójú jù. Wọ́n á ní, ṣebí Linda tà á ni? Ṣebí ẹbí rẹ̀ náà tọwọ́ bọ̀wé? Báwo ni wọ́n ṣe tún ń béèrè owó?

Ìdáhùn wà nínú òfin kan tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe lọ́dún 1911. Òfin náà sọ pé tí ẹni tó kọ ìwé tàbí orin bá ta ẹ̀tọ́ rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, títà náà kò lè kọjá ọdún 25 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọdún 25 bá pé, ẹ̀tọ́ náà á padà sínú ogún rẹ̀, ìwé yòówù kí ó ti tọwọ́ bọ̀. Wọ́n mọ̀ pé ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé lè ta iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú nítorí ebi, kí ẹni tó rà á wá di olówó, kí ọmọ òǹkọ̀wé sì máa tọrọ jẹ. Àwọn lọ́yà ń fi orúkọ Charles Dickens, òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì, pe apá òfin yìí.

South Africa wà lábẹ́ òfin náà títí di 1965. Owen Dean, lọ́yà tó mọ̀ nípa copyright, ló rántí rẹ̀. Linda kú ní 1962. Fi 25 kún un: ọdún 1987 ni ilẹ̀ padà sọ́dọ̀ ogún rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú ẹbí mọ̀. Dean tún sọ pé ohun tí òfin dá padà, ogún Linda lápapọ̀ ló dá a padà fún. Opó àti àwọn ọmọ kò lè fọwọ́ ara wọn tà á. Ẹni tí ilé ẹjọ́ bá yàn pé kó bójú tó ogún ló láṣẹ. Nítorí náà, ìwé tí wọ́n ti tọwọ́ bọ̀ kò dí ogún náà lọ́wọ́.

Òfin 1911 yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nà án dé Nàìjíríà ní 1912, òun la sì ń lò títí di 1970 tí ìjọba ológun ṣe tiwa. Nígbà tí Túndé King ń ṣe àwo jùjú fún Parlophone ní Èkó ní ọdún 1936, abẹ́ òfin yìí kan náà ni orin rẹ̀ wà.

Kí ló dé tó jẹ́ Disney ni wọ́n pè lẹ́jọ́?

Disney kọ́ ló kọ ọ́, Disney kọ́ ló sì rà á. Wọ́n gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ publisher Weiss, Abilene Music, wọ́n sì sanwó. Lójú tiwọn, wọn ò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Ṣùgbọ́n tí 1987 bá ti dá ilẹ̀ padà, ẹni tí kò nilẹ̀ ni wọ́n san ìṣákọ́lẹ̀ fún ní South Africa.

Ìdí mìíràn tí wọ́n fi dojú kọ Disney ni pé ó ní ohun tí ilé ẹjọ́ lè di mú. Ní South Africa nígbà náà, tí o bá fẹ́ pe ilé iṣẹ́ òkèèrè lẹ́jọ́, àfi kí ilé ẹjọ́ kọ́kọ́ gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá rẹ̀ kan níbẹ̀. Disney fi orúkọ àti àwòrán tó lé ní 200 sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àmì òwò ní South Africa, Mickey Mouse wà lára wọn. Ní 2004, ilé ẹjọ́ gíga ní Pretoria gbẹ́sẹ̀ lé gbogbo wọn. Ẹ wo Mickey Mouse ní àhámọ́.

Ẹjọ́ náà kò dé ìdájọ́. Ní Oṣù Kejì 2006, àwọn tó ń bójú tó ogún Linda àti Abilene Music parí rẹ̀ nítùbí-ìnùbí. Abilene gbà pé inú "Mbube" ni "The Lion Sleeps Tonight" ti jáde, pé Linda wà lára àwọn tó hun ún. Wọ́n san owó tó ti wọlé láti 1987, wọ́n sì fi ìpín sílẹ̀ nínú èyí tó ń bọ̀. Nítorí náà, ẹni tó ní wọ́n ti sanwó fún ẹbí kò parọ́. Ṣùgbọ́n owó ọdún 1939 sí 1987, èyí tí ìgbà ayé Tokens, Robert John àti Tight Fit wà nínú rẹ̀, òfin ọ̀hún kò kàn án. Ìyẹn ti lọ.

Tí mo bá fẹ́ lò ó ní báyìí ńkọ́?

Ó sinmi lórí ibi tí o wà àti èyí tí o fẹ́ lò. Ní South Africa, ẹ̀tọ́ lórí orin máa ń parí ní ọdún 50 lẹ́yìn ikú ẹni tó hun ún, torí náà "Mbube" Linda ti di ti gbogbo ayé níbẹ̀ láti òpin 2012. Ẹ̀tọ́ tí ẹbí rẹ̀ gbà padà ti parí ní ìlú tiwọn nìyẹn.

Ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ tí orin jáde ni wọ́n ń kà fún orin àtijọ́, ọdún 95 sì ni. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Weiss kọ ní 1961 ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tó ni ín títí di òpin 2056. Àwo 1939 gan-an, ìyẹn ohùn Linda àti àwọn báàsì rẹ̀ bí Gallo ṣe tẹ̀ ẹ́, òfin Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣe ní 2018 fún irú àwo bẹ́ẹ̀ ní ọdún 100, torí náà òpin 2039 ni tiẹ̀ máa parí. Kí ẹni tó bá fẹ́ fi ohùn yẹn sí abẹ́ fídíò rẹ̀ ṣáájú ìgbà náà lọ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni àwo náà, kó sì tún béèrè lọ́tọ̀ ẹni tó ń gba owó orin náà ní orílẹ̀-èdè tó wà.